Bàbá wa tó ṣe fáyámàn rélùwéè fẹ́ tún fojú kan ẹ́ńjìnnì eléèédú. Níbo ni ká mú wọn lọ?

Àbíkẹ́ Ìsọ̀kùn (Iléṣà)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Obòkun, àti ẹ̀yin ará Ifẹ̀ tẹ́ ẹ wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ ọdún 84 ni bàbá wa. Ìsọ̀kùn níbí ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wọn. Lọ́dún 1960 ni wọ́n wọṣẹ́ rélùwéè. Àwọn ni wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da èédú síná, láti Òṣogbo dé Ìlọrin, láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, kí dísẹ́ẹ̀lì tó gbaṣẹ́ náà. "Bàbá Fáyámàn" ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí dòní. Àwọn ọmọdé tí ò mọ̀dí orúkọ náà rò pé panápaná ni wọ́n.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó wà ní ìlú òyìnbó fi fídíò kan ránṣẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń ṣayẹyẹ ọdún 200 tí ojú irin Stockton sí Darlington bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 1825. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló ń rọra bọ̀ nínú fídíò náà, èéfín ń rú, èrò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ìgbà tí ọba ń kọjá. Mo gbé fóònù sí bàbá níwájú. Wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó tán, wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n dijú, wọ́n gbé fóònù náà sétí, wọ́n ní: "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ara ẹ̀ yá."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi mí bóyá irú ẹ̀ ṣì wà níbì kan tí àwọn lè fọwọ́ kàn. Iléṣà ò lójú irin, Ifẹ̀ náà ò ní. Orúnkún ń dun wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ibo ni mo lè mú wọn lọ, báwo ni mo sì ṣe máa ṣe é tí kò fi ní nira fún wọn?

Olùkọ́ Mọ̀ọ̀rẹ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

Ẹ má tíì fò lọ sí Èkó. Òṣogbo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ. Láti ọ̀dọ̀ yín, bíi kìlómítà 30 ni, ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, oúnjẹ ọ̀sán ò ní tíì tutù. Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì eléèédú kankan ò ní máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíkọ̀ tí bàbá ti ń jáde lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́ ṣì wà láàrin ìgboro, irin tó wà nílẹ̀ sì gba ọ̀nà kan náà tí wọ́n gbà. Ọdún 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo. Ìbàdàn ti rí tiẹ̀ ní oṣù Kẹta 1901.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó máa ń dùn mí táwọn ọmọ wa bá ní "rélùwéè ò kàn wá". Ó kàn wá gan-an! Kòkó tó kúrò ní Ifẹ̀, Ìpetumodù, Iléṣà àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, orí lọ́rì ló ń gùn lọ sí Òṣogbo, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sí èbúté. Bàbá mi ò gun ọkọ̀ ojú irin rí láyé wọn, ṣùgbọ́n owó ilé ìwé mi gba orí ojú irin kọjá.

Ọmọ Òṣómàáló

Olùkọ́, ẹ ṣé tẹ́ ẹ mẹ́nu bà á. Kòkó nìkan kọ́ o. Ta ló gbé àwọn òṣómàáló kiri? Bàbá bàbá mi á di ẹrù aṣọ ní Iléṣà, wọ́n á gbé e dé Òṣogbo, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ọ̀fà, Ìlọrin, kọjá odò lọ sí Mínà. Wọ́n á tajà láwìn, tó bá di ọjọ́ owó, wọ́n á padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: "Òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gbowó mi." Ìyá àgbà ní táwọn bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ láti òkè ọya ti wọ Òṣogbo, àwọn á gbé omi kaná de ọkọ wọn.

Àbíkẹ́, ẹ bá mi bi bàbá bóyá wọ́n rántí àwọn oníṣòwò aṣọ ará Iléṣà nínú ọkọ̀ wọn. Tí wọ́n bá rántí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, mo fẹ́ gbọ́.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ má dá bàbá nìkan mú lọ. Ẹ wá ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùwéè ṣì ń gbé Òṣogbo, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà nítòsí ìdíkọ̀. Àgbà méjì tó jọ jẹun lẹ́nu iṣẹ́ kan náà á ráhùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bára wọn jiyàn. Tó bá jẹ́ ọmọ nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n á máa ṣe bí ẹni tí ohun gbogbo dáa fún.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

Àbíkẹ́, ohun tí bàbá ń béèrè gan-an wà ní Èbúté-Mẹ́ta. Nínú ọgbà rélùwéè níbẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy, àwọn tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ló tún un ṣe tí wọ́n sì sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù rélùwéè. Àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ ayé àtijọ́ àti ohun èlò iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ ṣàlàyé pé fáyámàn ni bàbá, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹ́ńjìnnì tàbí kóòṣì (ibi tí èrò ń jókòó sí) àtijọ́ tí àlejò lè sún mọ́. Ọ̀rọ̀ "fáyámàn" yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ó yàtọ̀ sí "a fẹ́ wá wòran".

Mo ti mú bàbá ìyàwó mi lọ, nítorí náà mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀.

Ẹ sun Ìbàdàn mọ́jú. Ẹ má gbìyànjú láti jí kúrò ní Iléṣà lọ bá ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èbúté-Mẹ́ta. Ẹ ó kọjá Ifẹ̀, Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Aṣẹ́jíire láìsí wàhálà, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìwó Road á wá dè yín mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ò sì ní dúró dè yín. Ìdíkọ̀ Mọ́níyà kò sí láàrin ìgboro Ìbàdàn, ó kọjá Ọ̀jọ́ọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ sì tún wo àkókò ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú torí wọ́n máa ń yí i padà. Bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lẹ ó lò dé Èbúté-Mẹ́ta.

Inú ọkọ̀ máa ń tutù gan-an, ẹ fún bàbá ní fìlà àti aṣọ ìbora. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Ẹ gba àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún wọn. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn nínú ọgbà yẹn, ó fẹ̀. Ẹ háyà ọkọ̀ kékeré tí yóò dúró dè yín.

Ohun kan tí mi ò lérò rèé. Iṣẹ́ títẹ́ irin ni bàbá ìyàwó mi ṣe ní tiwọn. Nígbà tá a dé Mọ́níyà, wọn ò wo ọkọ̀ rárá. Wọ́n dúró lórí pèpéle, wọ́n na ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn síwájú, wọ́n dijú kan, wọ́n fi ń díwọ̀n àlàfo àárín irin méjèèjì. Wọ́n ní, "Èyí fẹ̀ ju tiwa lọ." Òótọ́ ni. Mílímítà 1,067 ni ti àtijọ́, mílímítà 1,435 ni tuntun yìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà 2021. Ojú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì.

Ìyá Ìbejì Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ forí jì mí, n ó sọ ohun tí kò dùn.

Èmi náà mú bàbá mi lọ wo ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ rí. Ọgbà kan ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi bí ibẹ̀ ṣe rí, èmi náà ò sì béèrè. Koríko ti dé àyà. Kóòṣì tí bàbá mi máa ń fi akísà nù títí tó fi ń dán bíi dígí, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ẹ̀. Igi ti yọ lójú fèrèsé ẹ̀. Ẹnì kan sì tún jáde sí wa pé ká sanwó ká tó ya àwòrán. Bàbá mi ò bá a jà. Wọ́n kàn ní ká máa lọ sílé. Nínú mọ́tò, wọ́n bi mí pé, "Ṣé irọ́ ni gbogbo ohun tá a ṣe ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi jẹun dáadáa.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ẹ kọ́kọ́ dá lọ fúnra yín ni, tàbí kẹ́ ẹ rán ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán pé kó lọ ya fídíò ibẹ̀ wá. Kẹ́ ẹ wá sọ fún bàbá kí wọ́n tó kúrò nílé: "Bàbá, irin ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n ó ṣì wà." Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ojú wọn á gbà á.

Àbíkẹ́ Ìsọ̀kùn

Ìyá Ìbejì, omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mi ò rò ó débẹ̀ rárá.

Ọmọ Òṣómàáló, mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò mọ orúkọ, ṣùgbọ́n àwọn máa ń dá ará Iléṣà mọ̀ nínú èrò, torí orí ẹrù aṣọ wọn ni wọ́n máa ń sùn, wọn kì í gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Òṣómàáló

Bàbá bàbá mi nìyẹn! Orí ẹrù! Bí ìyá àgbà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún bàbá.

Ọmọ Ìjámọ̀ ní Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìjámọ̀, Iléṣà, ni mo ti wá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti àwọn ọmọ mi sì wà níbi ayẹyẹ yẹn ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín, torí ó jọ pé àbúrò yín lè ṣe ju fídíò lọ.

Ẹ́ńjìnnì tí bàbá rí kì í ṣe ti 1825 gan-an. Locomotion Nọ́ḿbà 1 ni orúkọ ti àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ Robert Stephenson ní Newcastle ló ṣe é, George Stephenson tó jẹ́ bàbá Robert ló sì wà á lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ojú irin náà. Èyí tó ń rìn báyìí, ọdún 1975 ni wọ́n fara wé ti àtijọ́ ṣe é fún ayẹyẹ ọdún 150. Iná tòótọ́, èédú tòótọ́ ló ń lò. Èédú náà ni wọ́n sì torí ẹ̀ la ojú irin yẹn, kó lè máa ti ibi tí wọ́n ti ń wà á nítòsí Shildon lọ sí etí odò ní Stockton. Bí kòkó tiwa ṣe ń lọ sí Èkó ni.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Oríṣi ibi méjì ni wọ́n ti ń wo ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ níhìn-ín. Èkíní ni mùsíọ́ọ̀mù. Ti York ló tóbi jù, ọ̀fẹ́ ni. Mallard wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó sáré dé bíi kìlómítà 203 ní wákàtí kan lọ́dún 1938, títí dòní kò sí eléèédú kankan tó tíì jù ú. Ti Shildon náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù ti tutù. Wọ́n kùn ún, wọ́n nù ún, ó ń dán, kò mí.

Èkejì ni àwọn ojú irin kéékèèké tí àwọn olùyọ̀ǹda ń bójú tó, tí wọ́n ṣì ń dáná sí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ò jìnnà sí mi, Keighley and Worth Valley, kìlómítà mẹ́jọ péré ni gígùn ẹ̀. Òmíràn wà láti Pickering lọ sí ìhà Whitby. Irú ibẹ̀ ni àbúrò yín gbọ́dọ̀ lọ. Ohun tí bàbá fẹ́ gbọ́ ò sí ní mùsíọ́ọ̀mù.

Kó wo kàlẹ́ńdà wọn kó tó kúrò nílé, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáná, ọjọ́ mìíràn dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń lò. Kó dé kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra, nígbà tí èrò ò tíì pọ̀. Ó ti pé wákàtí mélòó kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ti dáná kó tó dé, torí bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí wọ́n ti ń se omi, kì í gbóná kíá. Kó má wọ aṣọ funfun. Kó lọ bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kó sọ fún wọn pé bàbá òun ṣe fáyámàn ní Nàìjíríà láti 1960, kó sì pe bàbá lórí WhatsApp lójú wọn. Mo mọ àwọn èèyàn yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ mìíràn, ìfẹ́ ẹ́ńjìnnì ló kó wọn wá. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó fi èédú jẹun wà lórí fóònù, wọ́n á gbé fóònù náà gòkè lọ fún un.

Kó má dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn nìkan ni bàbá á gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ́ńjìnnì (OAU, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ níbí. Mo kan fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ, "ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí", kì í ṣe àfiwé lásán. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Tí ooru omi bá ti ti písítìnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ láti yí táyà, tán, wọn kì í jẹ́ kó fò lọ ní òfo. Inú símínì, ihò tí èéfín ń gbà jáde, ni wọ́n ń darí ẹ̀ sí, á wá tú jáde pẹ̀lú agbára. Bó ṣe ń tú jáde, ó ń fa èéfín lẹ́yìn, èéfín ń fa afẹ́fẹ́ tuntun gba inú iná kọjá. Nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni iná ẹ̀ ń ran tó. Òun fúnra ẹ̀ ló ń fẹ́ná ara ẹ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹ́ńjìnnì tó bá ní sìlíńdà (ilé písítìnì) méjì á mí lẹ́ẹ̀mẹrin tí táyà irin ẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan. Fáyámàn tó bá mọṣẹ́ á fetí mọ̀ bóyá iná ti fẹ́lẹ́ jù níbì kan tàbí ó ti di jù.

Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gba ohùn bàbá sílẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé nìkan o. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń da èédú, igun wo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe tí omi bá lọ sílẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé òkè kan ń bọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, kò sẹ́ni tó lè fẹnu sọ ìyẹn ní Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá gbà, mo lè wá sí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùn tó dáa. Mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Alájé Erẹ́jà

Ẹ dákun, ẹni ọdún 84 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ń gbé e lọ sí Èkó torí irin? Ẹ fi fídíò hàn wọ́n nílé, ó ti tó.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

Alájé, mo gbọ́ yín, kò sì burú kéèyàn ṣọ́ra. Kí wọ́n rí dókítà ná, kí dókítà sọ pé ara gbà á. Ṣùgbọ́n bàbá ò ní kí wọ́n fi fídíò han àwọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ oko wọn ni wọ́n fẹ́ tún rí, ṣé a máa ní àwòrán ti tó?

Olùkọ́ Mọ̀ọ̀rẹ̀

Ẹ ò rí i, mo ṣírò nǹkan kan lálẹ́ àná. Oṣù Kẹta 1901 ni ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù Kẹta 2026, ọdún 125 pé. Ìrìn àjò tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ yìí, Ìbàdàn sí Èbúté-Mẹ́ta, Èkó àti Ìbàdàn kan náà ni ojú irin àkọ́kọ́ yẹn so pọ̀! Tí ara bàbá bá gbà á, ẹ fi sí oṣù Kẹta. A ò ní láti dúró de ìjọba kó tó ta àsíá. Bàbá àtàwọn ọmọ ọmọ wọn nínú ọkọ̀ kan náà, ayẹyẹ ti dé nìyẹn. Èmi náà á bá yín lọ tẹ́ ẹ bá gbà mí, mo fẹ́ gun ọ̀nà tó rán mi nílé ìwé.

Àbíkẹ́ Ìsọ̀kùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má bínú.

A kọ́kọ́ lọ sí Òṣogbo. Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ dá lọ, bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, mo yàwòrán, mo sì fi han bàbá nílé. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ó ti gbó. Èmi náà ti gbó." Lọ́jọ́ tá a wá jọ lọ, a rí ọ̀rẹ́ wọn kan tó ṣe gáàdì, ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú irin láti ẹ̀yìn, ọmọ ọdún 81. Ẹ̀yin, àríyànjiyàn! Àwọn méjèèjì ò fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n ti máa ń bu omi sí ẹ́ńjìnnì. Bàbá wa fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ níbì kan, ọ̀rẹ́ wọn ní rárá, ó kù síwájú. Wọ́n jọ ń rìn, wọ́n ń ka ẹsẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹjọ́ orúnkún lọ́jọ́ náà àfi ìgbà tá a délé.

Lẹ́yìn náà, àbúrò mi lọ sí Keighley. Gbogbo wa jókòó sí pálọ̀, mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí Ọmọ Ìjámọ̀ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Ó ṣàlàyé fún wọn, ọmọbìnrin kan tó ń dáná sọ̀ kalẹ̀, ojú ẹ̀ dúdú fún èédú, ó gba fóònù, ó gòkè lọ. Bàbá ò kí i. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni, "Omi inú gíláàsì ńkọ́?" Àbúrò mi túmọ̀ ẹ̀. Ọmọbìnrin náà yí fóònù sí gíláàsì tí wọ́n fi ń wo omi bọ́ílà. Bàbá fa ara wọn súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Ó dé ìdajì. Ó dáa." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Ó ṣí ilẹ̀kùn iná hàn wọ́n. Bàbá nàka: kó fi díẹ̀ sí igun ẹ̀yìn lápá òsì, kó má dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ṣe é! Ó gbé ṣọ́bìrì, ó ṣe é bí wọ́n ṣe wí, ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀. Ó béèrè irú èédú tí bàbá lò. Wọ́n ní ti Enugu, pé òun kì í pẹ́ jó tán, ọwọ́ fáyámàn ò gbọ́dọ̀ sinmi. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó fun fèrè fún wọn. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí gáàdì láyé ọjọ́sí. Ọwọ́ náà wà lókè títí fóònù fi gé.

Mo rántí oríkì wa lálẹ́ ọjọ́ náà: Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko.

Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ìyàn ló máa wà níbẹ̀. Bàbá ti ń fi èèkàn igi ya inú bọ́ílà sórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá wò ó kí òjò tó nù ún.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀, pé kí wọ́n máa lo oògùn déédéé, kí wọ́n sì sinmi lọ́jọ́ kejì ìrìn àjò. Mo ti pe Èbúté-Mẹ́ta. Oṣù Kẹta la mú. Olùkọ́, mo ti ka yín mọ́ wa. Alájé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá, ààyè ṣì wà.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ìbéèrè kan ló kù: ọwọ́ wo ni kí bàbá jókòó sí nínú ọkọ̀ tí oòrùn àárọ̀ ò fi ní mú wọn lójú? Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àwọn fẹ́, bó ṣe wù kó rí.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

Ìhà gúúsù lẹ ń lọ, nítorí náà ọwọ́ òsì ni oòrùn àárọ̀ ti máa wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ gbà fún wọn. Ẹ fi orúkọ àwọn tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi, n ó tọ́jú yàrá tẹ́ ẹ máa sùn.